Mọ́nítọ̀ Méjì Kàúsárà

Ìgbà àkọ́kọ́ tí Àlíyù máa rí Kàúsárà, ńṣe ló da ọrùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí adìẹ tó ń ṣọ́ àṣá. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù Àlíyù lẹ́bàá Intashéńjì Ṣàgámù, ó ń wo mọ́nítọ̀ kan tó wà lórí tábìlì, hìjáábù rẹ̀ aláwọ̀ ewé fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wọ́lẹ̀. Àwọn awakọ̀ tírélà tó ń kọjá ń wò ó, kò sì kà wọ́n sí.

"Sístà, ṣé ọrùn ló ń dùn yín ni?" Àlíyù bi í.

"Rárá o. Mò ń wo bó ṣe máa rí tí mo bá gbé e nàró ni."

Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ni Àlíyù ń tà. Ìwó ló ti wá, ó sì ti pẹ́ díẹ̀ nídìí òwò náà, àmọ́ kò tíì sẹ́ni tó bá a sọ̀rọ̀ mọ́nítọ̀ tó nàró rí. Kàúsárà wá ṣàlàyé fún un. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa to ojú ewé fún àwọn tó ń tẹ ìwé ọmọ iléèwé n'Íbàdàn, ilé bàbá rẹ̀ ní àdúgbò Ijoku, ní Ṣàgámù níbẹ̀, ló sì ti ń ṣe é. Ojú ewé ìwé máa ń gùn ju bó ṣe fẹ̀ lọ. Nítorí náà ó fẹ́ mọ́nítọ̀ kan ní òòró, tí odindi ojú ewé á fi hàn lẹ́ẹ̀kan náà, kó sì fi ìkejì sí ìbú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún àwòrán. Àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ jọra, torí ojú kan náà ló máa wò wọ́n láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́.

"Ìyẹn ò le," ni Àlíyù wí. Ó gbé méjì tó ń jẹ́ orúkọ kan náà jáde, ó tàn wọ́n, ojú wọn funfun báláú. "Ẹ wò ó, ìbejì ni wọ́n."

Kàúsárà wò wọ́n títí. "Ìbejì kọ́. Bàbá wọn lè jẹ́ ọ̀kan, ìyá wọn yàtọ̀. Ti ọ̀tún yìí ti ń pọ́n bọ̀ díẹ̀."

"Èmi ò rí nǹkan kan o."

"Gbànja ni bàbá mi ń tà. Láti kékeré ni mo ti ń bá wọn ṣà á. Funfun kan ò jọ funfun kan, bọ̀ọ̀dá."

Àlíyù rẹ́rìn-ín, ó sì tún wọlé lọ. Ó ń gbé òmíràn jáde, Kàúsárà ń mi orí, títí tí tábìlì fi kún. Ẹ̀yìn-ò-rẹyìn, wọ́n rí ọ̀kan tó bá ti òsì dọ́gba. Ó sanwó, ó ní òun ń lọ wá ọ̀kadà.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti wọ́, bẹ́ẹ̀ kò ní ná Àlíyù ju kó la ẹnu sọ òtítọ́ lọ. Bó ṣe ń so ẹsẹ̀ tó ń yí mọ́ èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí, torí òun nìkan nínú méjèèjì ló ní ojú ihò fún ẹsẹ̀ náà lẹ́yìn, ó gbé e nàró, ó rí i pé ojú rẹ̀ yí padà. Téèyàn bá sún sápá òsì díẹ̀, funfun rẹ̀ á di eérú. Téèyàn bá sún sọ́tùn-ún, á di pípọ́n. Irú mọ́nítọ̀ bẹ́ẹ̀ wà. Ní ìbú, kò ní jẹ́ kéèyàn mọ̀. Ní òòró, ó di wàhálà. Àlíyù mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó sì mọ̀ pé kò sí òmíràn nílẹ̀ tó bá ti àkọ́kọ́ mu, pé tóun bá sọ ọ́, ọmọ náà á gbowó rẹ̀, á gba ọjà kọ̀ǹpútà ní Ìkẹjà lọ, òun ò sì ní rí i mọ́. Kì í ṣe owó ló ń dùn ún. Ọmọ náà ló wù ú. Ló bá pa ẹnu mọ́, ó dì í sínú páálí.

"Tí nǹkan kan bá dí yín lọ́wọ́, ẹ pè mí," ló wí nígbà tí Kàúsárà gun ọ̀kadà dé, ó sì kọ nọ́ńbà rẹ̀ sára páálí.

Kàúsárà pè é lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ wáyà ló kọ́kọ́ pè é sí. Lẹ́yìn náà ó pè é láti bi í bí kọ̀ǹpútà ṣe máa mọ̀ pé ọ̀kan nínú wọn nàró. Nígbà tó yá, kò sí wáyà nínú ọ̀rọ̀ wọn mọ́.

"Ṣé o ti jẹun?" Àlíyù á bi í.

"Ṣé oúnjẹ lo tún ń tà ní ṣọ́ọ̀bù yẹn ni?"

"Tó bá jẹ́ ìwọ lo fẹ́ rà á, mo lè bẹ̀rẹ̀ lọ́la."

"Ẹnu ẹ dùn jù. Ẹ̀yin ará Ìwó."

Ìgbà tí "ẹ" di "o" láàárín wọn, kò sẹ́ni tó fura nínú wọn.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Àlíyù a máa yà ní Ijoku láti kí bàbá Kàúsárà, Alhaji Mọ́ṣúdù. Níwájú ilé lọkùnrin náà ti máa ń tajà. Kó tó ta agbọ̀n gbànja kan, á kọ́kọ́ dà á sílẹ̀, á ṣa èyí tí kòkòrò ti wọ̀, á fi han oníbàárà. Oníbàárà tó bá ṣì fẹ́ ẹ á ní, "Mo ti rí i, mo rà á bẹ́ẹ̀." Ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Ẹni tó bá ti sọ ọ́ kò tún lè padà wá jà. Ọjọ́ tí Àlíyù kọ́kọ́ gbọ́ gbólóhùn yẹn, ó rántí mọ́nítọ̀ náà, ó sì gbé omi tí wọ́n fún un kalẹ̀.

Orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ Kàúsárà. Ojú kan ń rí ìwé ní àwọ̀ eérú, èkejì ń rí i ní pípọ́n. Ó lọ síléèwòsàn, dókítà ní ojú rẹ̀ kò ní àrùn kankan, orí fífọ́ náà kò sì lọ. Àwọn ará Ìbàdàn dá ìwé kan padà fún un torí àwọ̀ àwòrán inú rẹ̀ kò tọ́. Alhaji ní tó bá jẹ́ ojú ni, kó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, kó padà sídìí gbànja.

"Mo rò pé ojú mi ló ń lọ, Àlí," ló wí lórí fóònù, ó ń sunkún. "Tóṣù yìí bá parí tí kò san, mo máa sọ fún wọn pé mi ò ṣe mọ́. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù láyé."

"Gbìyànjú kó o fi omi tútù bọ́jú," ni Àlíyù wí. Bó ṣe pa fóònù tán, ojú ara rẹ̀ tì í. Tó bá sọ òtítọ́, ó mọ̀ pé òun lè pàdánù ọmọ náà. Tí kò bá sọ ọ́, ọmọ náà á pàdánù iṣẹ́ rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó lọ sí Èkó, ó gbé mọ́nítọ̀ méjì bọ̀ tí ojú wọn kì í yí padà níbikíbi téèyàn bá ti wò wọ́n. Ó gbé wọn dé Ijoku. Alhaji ń ṣa gbànja, Kàúsárà jókòó tì í. Àlíyù dọ̀bálẹ̀, kò sì dìde títí ó fi sọ gbogbo rẹ̀.

"O mọ̀?" Kàúsárà bi í.

"Mo mọ̀."

"Nígbà tí mo lọ síléèwòsàn, o mọ̀?"

"Mo mọ̀."

"O ní kí n fi omi tútù bọ́jú." Ó dìde, ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Alhaji kò jáwọ́ nínú gbànja tó ń ṣà. "Gbé ẹrù rẹ síbẹ̀," ló wí, "kó o máa lọ."

Láàárín ọ̀sẹ̀ tí Kàúsárà fi àwọn mọ́nítọ̀ tí Àlíyù gbé wá ṣiṣẹ́, orí fífọ́ lọ. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí inú túbọ̀ bí Kàúsárà. Bí iṣẹ́ ṣe ń dùn ún ṣe tó ni inú ń bí i tó, kò sì gbé fóònù Àlíyù. Ó tún ń ṣe é bíi kó gbé e, ìyẹn náà ń bí i nínú. Alhaji wò ó títí, ó wá pè é jókòó.

"Ẹni tó ń kó kòkòrò pamọ́ fún mi pọ̀," ló wí. "Ẹni tó ti gbowó lọ, tó tún fẹsẹ̀ ara rẹ̀ padà wá sọ pé kòkòrò wà níbẹ̀, nígbà tí èmi ò tíì rí i, kò wọ́pọ̀."

"Ṣùgbọ́n ó fi pa mọ́ ná, bàbá mi."

"Ó fi pa mọ́. Mi ò sọ pé kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwọ lo máa sọ bóyá wàá rà á."

Kàúsárà gun ọ̀kadà lọ sí Intashéńjì, ó gbé mọ́nítọ̀ burúkú náà sórí itan. Nígbà tó dé ibẹ̀, ó rí i pé Àlíyù ti lẹ bébà mọ́ gbogbo ọjà rẹ̀. Ọ̀kan ní, "Ẹ má gbé èyí nàró." Òmíràn ní, "Èyí ní àmì dúdú lápá òsì." Ó kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Àlíyù dúró, kò mọ ibi tó máa fi ọwọ́ sí.

"Ta ló ń ra ọjà lọ́wọ́ ẹ báyìí?"

"Wọn ò pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rà kì í padà wá jà."

"Tìẹ ńkọ́? Kí ni kí n kọ, kí n lẹ̀ mọ́ ìwọ?"

Àlíyù na bébà kan sí i. "Kọ ọ́ pé tí mo bá fẹ́ràn nǹkan, ẹ̀rù a máa bà mí kó má lọ, ẹnu mi á wá wúwo. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, Kàúsárà. Ọjọ́ tó o da ọrùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ níbí ló ti bẹ̀rẹ̀."

Kàúsárà gbé mọ́nítọ̀ náà lé e lọ́wọ́. "Ta èyí fún ẹni tó máa fi sí ìbú," ló wí. Ó dé ẹnu ọ̀nà kó tó yíjú padà. "Bàbá mi kì í jáde lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Ìwọ náà mọ̀."

Kò pẹ́ sígbà náà tí àwọn ẹbí Àlíyù gbéra láti Ìwó wá tọrọ Kàúsárà. Ilé Alhaji kún, agbọ̀n gbànja tí wọ́n gbé wá wà láàárín. Alhaji tú u, ó ṣe bó ṣe máa ń ṣe, ó ṣa díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ló bá pe ọmọ rẹ̀ síwájú, ó nàka sí Àlíyù.

"Kàúsárà, ọkùnrin yìí, ṣé o ti rí àbùkù rẹ̀?"

Àlíyù tẹjú mọ́lẹ̀.

"Mo ti rí i, bàbá mi," ni Kàúsárà wí. "Mo rà á bẹ́ẹ̀."