Amọ̀ Ìdí Òpó

"Rokib, ṣé o gún amọ̀ yìí dáadáa?" Ọ̀gá Motaleb ń fi gìgísẹ̀ tẹ ilẹ̀ ìdí òpó iná ńlá kan, onírin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin.

"Mo gún un, ọ̀gá. Ó le bí òkúta."

Irọ́ ni. Rokib kì í ṣe ọmọ burúkú, ṣùgbọ́n ọdọọdún ni omi ń wọ ilé Jomila ìyá rẹ̀. Amọ̀ ni wọ́n fi ń gbé ilẹ̀ ilé ga lábúlé wọn kí òjò tó dé, amọ̀ gidi sì ṣọ̀wọ́n. Nígbà tó rí èyí tí wọ́n wà jáde láti inú kòtò ẹsẹ̀ òpó, ọkàn rẹ̀ fà sí i. Ó kó o lọ sílé, ó ní wọ́n fi ta òun lọ́rẹ ni. Ó wá fi iyanrìn odò àti koríko ìrẹsì dí kòtò, ó fi amọ̀ díẹ̀ bò ó lójú.

Bẹ́ẹ̀ ọ̀gá ti kìlọ̀: "Kọnkéré pẹrẹsẹ ló wà nísàlẹ̀, kò sì jìn. Bí wáyà bá fa òpó sọ́tùn-ún, ẹsẹ̀ òsì á fẹ́ fà tu. Amọ̀ tí a gún lé e lórí ló ń dì í mú."

Lọ́jọ́ tí wọ́n fa wáyà, Shohag ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló wà lókè òpó, ó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Rokib ojo! Mo ń rí ìkòkò ọbẹ̀ màmá ẹ láti ibí o!"

Kí Rokib tó fèsì, ilẹ̀ ìdí ẹsẹ̀ òsì là yíká, ẹsẹ̀ náà sì rú sókè díẹ̀. Rokib mọ ìdí rẹ̀. Bó bá sọ̀rọ̀, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn.

"Ẹ dẹ wáyà! Shohag, sọ̀kalẹ̀! Èmi ni mo kó amọ̀ ibẹ̀!"

Shohag sọ̀kalẹ̀. Kò wo ojú Rokib.

"Ìwọ ì bá ti pa ọmọ ọlọ́mọ," ni Motaleb wí. "Máa lọ sílé. Mi ò gbà ẹ́ síṣẹ́ mọ́."

Jomila gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu Rokib tán, ó wo ilẹ̀ ilé tó fọwọ́ ara rẹ̀ fi amọ̀ náà rẹ́, ó mú ọkọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wà á.

"Ìyá, òjò ń bọ̀ o."

"Mo mọ̀. Ṣé orí ẹ̀mí Shohag ni kí n máa sùn?"

Òun ló ru agbọ̀n amọ̀ àkọ́kọ́ padà sí ìdí òpó. Rokib tẹ̀ lé e, ojú tì í gidigidi. Motaleb kò dá iṣẹ́ padà fún un, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kó gún amọ̀ náà, ìpele kan lórí èkejì. Nígbà tó yá, Shohag wá di igi tí wọ́n fi ń gún amọ̀ mú pẹ̀lú rẹ̀.

"Gún un dáadáa o. Èmi náà ni mo tún máa gun òpó yìí."

Omi wọ ilé Jomila lọ́dún náà. Ìjì jà, òpó kò mì. Ẹ̀yin ọmọ, ibi tí ojú kò tó nínú iṣẹ́ wa, ẹ ṣe é dáadáa: ẹ̀mí ẹnìkan lè wà lórí rẹ̀.