Báńkì Tó Wọ Inú Fóònù

"Ẹ ní kí ni? Ẹ fẹ́ ti báńkì yìí pa?"

Ohùn Alhaja Àmínát gba gbogbo inú báńkì ìfowópamọ́ náà ní Rye Lane, ní London. Àwọn àgbàlagbà tó tò sórí ìlà yíjú sí i, ẹnu ya kálukú.

Ọ̀gbẹ́ni Olúfẹ́mi, òṣìṣẹ́ báńkì tó máa ń dá wọn lóhùn, tẹrí ba. "Ẹ má bínú, mà. Àwọn báńkì tuntun ló fà á. Wọn ò ní ilé, inú fóònù ni wọ́n wà, gbogbo àwọn ọ̀dọ́ sì ti ya lọ bá wọn. Bí àwa náà ò bá lọ síbẹ̀, a máa kógbá wọlé. Láti oṣù tó ń bọ̀, orí áàpù lẹ ó ti máa ṣe gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n mà á máa wà ní láíbìrì ní gbogbo Wednesday láti kọ́ yín."

"Fóònù kẹ̀?" Alhaja di ọwọ́ àga mú.

"Grandma, ẹ fọkàn balẹ̀," ni Àmírà, ọmọ ọmọ rẹ̀ tó tẹ̀lé e wá, wí. "Èmi ni mà á kọ́ yín."

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Àmírà. Ilé kan náà lòun, Alhaja àti Làtíìfù bàbá rẹ̀ tó ń wa bọ́ọ̀sì jọ ń gbé. Ó fẹ́ràn ìyá àgbà yìí, àmọ́ sùúrù rẹ̀ kò tó nǹkan. Nígbà tó jókòó tì í ní Sátidé, áàpù ní kí Alhaja tẹ àtàǹpàkò rẹ̀. Alhaja tẹ̀ ẹ́, kò gbà. Ó nù ún mọ́ aṣọ, ó tún un tẹ̀, kò gbà. Ọdún gbọọrọ tó fi ń fọ ilẹ̀ ọ́fíìsì kiri London ti pa ìlà ìka rẹ̀ rẹ́.

Shiloh, ọ̀rẹ́ Àmírà, ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. Sinimá ni wọ́n ń lọ.

"Gbé e sórí fóònù tìẹ, kó o fi ìka tìẹ tẹ̀ ẹ́," ni Shiloh sọ sí i létí. "Who's gonna know? A ti pẹ́, fam."

Àmírà wo ìyá àgbà, ó wo Shiloh. Ó gbé áàpù náà sórí fóònù tirẹ̀, ó sì fi ìka tirẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

"Grandma, ó ti parí! Bí ẹ bá ti ń fẹ́ owó, ẹ ṣáà pè mí."

"Ṣé mi ò ní lọ bá Olúfẹ́mi ní láíbìrì mọ́?"

"Ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu."

Alhaja súre fún un títí ó fi jáde.

Báńkì ti ilẹ̀kùn lóòótọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ Tuesday kan, ìpè wọlé láti Ìṣẹ́yìn: Sìdíkátù, àbúrò Alhaja, ti kú. Wọ́n fẹ́ sin ín kí wọ́n tó kírun ìrọ̀lẹ́. Àwọn méjèèjì ti ṣàdéhùn láti ìgbà èwe pé ẹni tó bá kẹ́yìn ni yóò ra aṣọ funfun tí wọn yóò fi sin èkejì.

Alhaja pe Àmírà. Inú kíláàsì ni fóònù náà ti dún. Olùkọ́ gbà á, ó tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Alhaja pè é títí. Ó pe Làtíìfù, ṣùgbọ́n ìdí ọkọ̀ ni ìyẹn wà, kò lè gbé e. Ó wọ híjáábù, ó sáré lọ sí Rye Lane, bóyá ẹnì kan á ṣì wà níbẹ̀. Pákó ni wọ́n kàn mọ́ ojú fèrèsé. Ó gbá ilẹ̀kùn títí. Àwọn tó ń kọjá ń wò ó.

Nígbà tí Àmírà délé, orí àtẹ̀gùn ló bá a, pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀.

"Sìdíkátù ti kú," ni Alhaja wí. "Wọ́n ti sin ín. Ará àdúgbò ló ra aṣọ fún un. Àbúrò mi! Mo sì lówó nílẹ̀."

Báàgì já bọ́ lọ́wọ́ Àmírà. Ó kúnlẹ̀. Ó wá jẹ́wọ́ ohun gbogbo: ìka rẹ̀, sinimá, ìkánjú. Alhaja kò pariwo. Ó kàn ń wò ó bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí, èyí sì dun Àmírà ju ẹgba lọ.

Nígbà tí Làtíìfù gbọ́ lálẹ́, ó mi orí. "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, Àmírà."

Ní ọjọ́ kejì, Àmírà àti Alhaja lọ sí láíbìrì. Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Olúfẹ́mi gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹ̀rù bà á. "O fi ìka tìẹ sórí owó wọn? Háà! Bí fóònù yẹn bá bọ́ sọ́wọ́ olè ńkọ́?" Ó pa áàpù náà rẹ́ lórí fóònù Àmírà lójú ẹsẹ̀. Ó wá yíjú sí Alhaja. "Àwa náà jẹ̀bi, mà. A sáré tẹ̀lé àwọn báńkì tuntun, a ò bojú wẹ̀yìn. Nọ́ńbà àṣírí wà tẹ́ ẹ lè lò dípò ìka. Ó yẹ ká ti sọ ọ́ fún yín."

Àmírà ló jókòó ti Alhaja. Kò fọwọ́ kan fóònù ìyá àgbà. Nígbà tí Alhaja bá ṣì í, á dúró, á ní kó tún un ṣe. Kí ọjọ́ àdúrà òkú Sìdíkátù tó pé, Alhaja fúnra rẹ̀ ló fi owó sàráà ránṣẹ́ sí Ìṣẹ́yìn.

"Ṣé ó ti lọ?"

"Ó ti lọ, mà."

Alhaja bú sẹ́kún. Owó náà lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n Sìdíkátù ti wà nílẹ̀, nínú aṣọ tí kì í ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló rà á.

Ayé ń lọ, à ń tọ̀ ọ́. Báńkì lè kúrò ní títì kó wọ inú fóònù, kò sí ẹni tó lè dá a dúró. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá gbọ́dọ̀ dúró de àgbà tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Bí a bá ṣe nǹkan fún ènìyàn lọ́nà tí kò fi ní lè dá a ṣe mọ́, a kò tíì ràn án lọ́wọ́. Ńṣe la so ó lọ́wọ́.