Àyè Ẹ̀yìn Mọ́tò

Táyé kò jókòó sí àárín. Àga ẹ̀yìn mọ́tò náà fẹ̀, ọmọ ọdún márùn-ún lè nà gbọọrọ lé e lórí kí àyè sì tún ṣẹ́ kù, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin náà sún mọ́ ilẹ̀kùn ọwọ́ òsì, ó káwọ́ lé itan, ó fi apá ọ̀tún sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé kó jọ̀ọ́ sún díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí ibi tó ṣófo yẹn, ó rẹ́rìn-ín.

Mùínàt, ìyá rẹ̀, dúró níta lábẹ́ igi máńgòrò, ó ń wò ó láti ojú gíláàsì. Ní apá ibi tí kò sí ẹnikẹ́ni, tìmùtìmù àga náà tẹ̀ wọlé díẹ̀. Ojú ibi tó tẹ̀ náà kò tóbi. Kò ju ìdí ọmọdé lọ.

Ẹ̀rù kò bà á. Ohun tó mú kó fọwọ́ bo ẹnu, ayọ̀ ni.

Ayọ̀ yìí ní ìdí. Ìbejì ni Táyé, ìyẹn kì í sì í ṣe ìròyìn ní Igbó-Ọrà; agbo ilé tí kò bá ní ìbejì ni wọ́n máa ń bi léèrè pé kí ló dé. Ṣùgbọ́n Kẹ́hìndé, ìkejì rẹ̀, ti re ọjà. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn, nítorí a kì í fi ẹnu wa wí pé ìbejì kú. Ó re ọjà ní ọjọ́ òjò kan lọ́dún tó ṣáájú, lórí itan ìyá rẹ̀, ní ìdí òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ilé wọn. Ibà ló dì mọ́ ọn. Wàhábì, bàbá wọn, ti sáré wọ inú òjò lọ wá mọ́tò tí yóò gbé wọn dé ilé ìwòsàn, òjò sì ti lé gbogbo awakọ̀ wọlé. Mùínàt ń mi ẹsẹ̀, ó ń wí fún ọmọ náà ṣáá pé, "Mọ́tò ń bọ̀, Kẹ́hìndé. Dúró dè é. Mọ́tò ń bọ̀." Nígbà tí mọ́tò fi dé, kò sí ẹni tí yóò gbé mọ́.

Láti ọjọ́ náà ni Wàhábì ti pinnu pé ilé òun kò tún ní wá mọ́tò kiri. Òwò ẹ̀gúsí ló ń ṣe. Nígbà tó di ọdún 1982, tí ẹ̀gúsí tà tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn oníbàárà fi ń ti Ìbàdàn wá dúró dè é ní oko, ó sọ ọ́ nídìí oúnjẹ alẹ́ kan pé àsìkò ti tó. Kò sí ẹni tó rántí oúnjẹ mọ́. Táyé dìde, ó ń sá yí ilé ká, ó ń fi ẹnu fọn fèrè mọ́tò. Àwọn aládùúgbò gbọ́, kálukú sì mú ìmọ̀ràn tirẹ̀ wá: ẹnì kan ní kó ra tuntun, kó má gba wàhálà ẹlòmíràn sílé, ẹnì kan ní ọ̀nà Ìbàràpá kò mọ tuntun yàtọ̀ sí àlòkù, yóò sọ méjèèjì di ọ̀kan náà kí ọdún tó yí po. Wàhábì fetí sí gbogbo wọn, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọkọ ìyàwó.

Mùínàt ní tirẹ̀ lọ́kàn. Gbogbo ohun tó bá rà fún Táyé, ó ń ra irú rẹ̀ fún Kẹ́hìndé: ìlẹ̀kẹ̀, kóòmù, aṣọ ọdún. Wàhábì, tí kì í fi ìrun jáfara, kò fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò bá a wí. Ní báyìí, tí wọ́n fẹ́ ra mọ́tò, kí ni yóò jẹ́ ti Kẹ́hìndé níbẹ̀? Ó rò ó títí, ó rí i pé àyè ni. Àyè kan ṣoṣo, lẹ́yìn mọ́tò, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbà. Mọ́tò tó ti ní kó dúró dè, ó ti ń bọ̀ wàyí.

Ó sì mọ bí wọn yóò ṣe yàn án. Táyé ni Kẹ́hìndé rán níṣẹ́ pé kó kọ́kọ́ lọ tọ́ ayé wò. Nígbà tí Táyé ké pé ayé dùn ni Kẹ́hìndé tó tẹ̀ lé e wá. Nítorí náà, Mùínàt ní mọ́tò yòówù tí wọ́n bá bá pàdé, Táyé ni kó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́.

Wàhábì rẹ́rìn-ín. "Ìyá Ìbejì, ṣé Táyé ló máa wa mọ́tò náà ni?"

"Ẹ jẹ́ kó tọ́ ọ wò ná, Bàbá Ìbejì," ni Mùínàt fi dá a lóhùn.

Wọ́n kọ́kọ́ lọ sí Ìbàdàn. Yẹ̀kínì, ọ̀rẹ́ Wàhábì tó ń fi takisí ná Èrúwà, ló gbé wọn lọ, nítorí kò sí ẹni tó mọ inú mọ́tò tó o ládùúgbò. Ilé onígíláàsì ni wọ́n ti ń tà á. Mọ́tò funfun kan wà ní àárín, ọ̀rá ṣì wà lára àwọn àga rẹ̀, òórùn ọ̀dà àti rọ́bà tuntun sì ń ti inú rẹ̀ jáde bí ẹni ṣí àpótí aṣọ ìyàwó. Wàhábì ń yí i po, ó ń yí i po.

"Wàhábì, rọra o," ni Yẹ̀kínì wí, "má fi ojú họ ọ̀dà ara ẹ̀."

Táyé wọlé. Ó jókòó sí àárín àga ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀, ọ̀rá ń dún lábẹ́ rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi sọ̀kalẹ̀.

"Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀," ó wí.

Ẹni tó ń ta mọ́tò bú sẹ́rìn-ín, ó ní ohun tí wọ́n ń pè ní tuntun nìyẹn, pé kò tíì sí ẹni tó jókòó síbẹ̀ rí. Mùínàt nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó fa ọkọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní òun kò fẹ́ ẹ. Wàhábì tún wo mọ́tò náà lẹ́ẹ̀kan sí i, bí ẹni tí wọ́n gba àwo ọbẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lójú ọ̀nà ilé ni Yẹ̀kínì ti rántí Ọ̀gbẹ́ni Adéníran. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni, ará Ìjẹ̀bú, tó ti pẹ́ ní Èrúwà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí ibòmíràn, ó sì fẹ́ ta Píjò rẹ̀, aláwọ̀ aró, tó jẹ́ pé òun nìkan ló ti ń wà á láti ìgbà tó ti rà á. Báyìí ni wọ́n ṣe dé abẹ́ igi máńgòrò yẹn.

Yẹ̀kínì kò kánjú. Ó wọ abẹ́ mọ́tò, ó ń kan ìdí rẹ̀ kó lè gbọ́ bóyá ó ti dógùn-ún. Ó fọwọ́ dí ẹnu páìpù èéfín, ó gbóòórùn àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Nígbà tó dìde, eruku kún irùngbọ̀n rẹ̀, ojú rẹ̀ sì ń dán.

"Wàhábì, ẹ́ńjìnnì yìí ń mí bí ọmọ tó sùn."

Adéníran dúró lókèèrè, ó di kọ́kọ́rọ́ mú. Ó jẹ́ èèyàn jẹ́jẹ́, kò fi nǹkan kan pamọ́ nípa ẹ́ńjìnnì tàbí táyà. Ó ṣí iwájú, ó ṣí búùtù. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn nìkan ni kò fọwọ́ kàn; ó ní kí Mùínàt máa ṣí i fún ọmọ rẹ̀. Wàhábì bi í pé kí ló dé tí kò gbé e dání lọ síbi iṣẹ́ tuntun. Ó ní àwọn kò nílò mọ́tò tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

Táyé wọlé, Mùínàt ti ilẹ̀kùn, gíláàsì sì wà ní títì. Ìgbà náà ni ọmọ náà sún sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó yíjú, tó rẹ́rìn-ín. Ìgbà náà ni tìmùtìmù tẹ̀.

Ìyàwó Adéníran, Yéwándé, ti jáde sí ẹnu ọ̀nà. Ọkọ rẹ̀ rí i. "Ìyá Rógbà," ó rọra wí, "wọlé lọ, mo bẹ̀ ọ́."

"Bàbá Rógbà, ẹ jẹ́ kí n rí wọn."

Mùínàt kí i, ó sì wá Rógbà náà yíká kó lè kí òun náà. Kò rí ọmọ kankan. Kò sí aṣọ ọmọdé lórí okùn, kò sí ohun ìṣeré kankan nílẹ̀ ní gbàgede. Ó rò pé bóyá iléèwé tí wọ́n ń sùn sí ló wà. Yéwándé sún mọ́ ọn, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ bíi ti ẹni tó wà nítòsí aláìsàn.

"Ṣé ẹ lọ́mọ tí yóò máa jókòó sẹ́yìn?"

"A ní, mà."

"Ẹ máa ra bisikíìtì fún un. Ó fẹ́ràn bisikíìtì."

Mùínàt tẹjú mọ́ ọn. Táyé kì í fẹnu kan bisikíìtì. Kẹ́hìndé ló máa ń jẹ ẹ́, tí yóò máa wá èérún rẹ̀ lára aṣọ. Báwo ni àjèjì yìí ṣe mọ̀? Kò bi í. Ó sáré lọ ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò.

"Ó dùn?"

"Ó dùn," ni Táyé wí. "A ti di méjì."

Mùínàt fọwọ́ bò ó lẹ́nu, nítorí ohun tó bá dára ni a kì í pariwo rẹ̀. Ó kọjú sí ọkọ rẹ̀, ó ní èyí ni. Wàhábì, tí ọkàn rẹ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ mọ́tò funfun ti Ìbàdàn, wo ojú ìyàwó rẹ̀. Ó rí ẹ̀rín kan tí kò rí láti ọjọ́ òjò yẹn. Kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn mọ́.

Ẹni tó bá rí ilé wọn lọ́sẹ̀ wọ̀nyẹn yóò rò pé wọ́n bí ọmọ tuntun. Wàhábì ń fọ mọ́tò kó tó jẹun àárọ̀. Àwọn èèyàn ń yà wá kí wọn, wọ́n ń fọwọ́ pa á lára, Yẹ̀kínì sì ń sọ fún gbogbo ayé pé òun lòun rí i. Mùínàt ń yọ ayọ̀ tirẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Tó bá gbé bisikíìtì sórí àga ẹ̀yìn, kò ní bá a níbẹ̀ mọ́, èérún nìkan ni yóò bá. Wàhábì ní èèrà ni. Láàárọ̀, tí ìrì bá bo gíláàsì, ojú àtẹ́lẹwọ́ kékeré kan a máa wà lára rẹ̀ láti inú. Tìmùtìmù apá ọ̀tún a sì lọ́ wọ́ọ́rọ́ bíi ti ibi tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde. Mùínàt a máa gbé ọwọ́ lé e, a máa ní, "O káàbọ̀. O káàbọ̀ láti ọjà."

Ibì kan ṣoṣo ni nǹkan kò ti yàtọ̀. Ìdí òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ máa ń tutù, bí ẹni pé òjò fẹ́ síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ òjò ti dáwọ́ dúró. Ewúrẹ́ kì í sùn níbẹ̀ mọ́. Mùínàt a nù ún, yóò tún tutù. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé òrùlé ló ń jò, òun yóò sọ fún Wàhábì lẹ́yìn ọdún.

Ọdún Iléyá ni wọ́n fẹ́ fi mọ́tò náà lọ sí Tápà, ilé àwọn òbí Mùínàt, fún ìgbà àkọ́kọ́. Nígbà tí wọ́n kírun yídì dé, Wàhábì ti wọ agbádá, ó jókòó nídìí ọkọ̀, ó ti ṣáná sí i. Ẹ́ńjìnnì ń mí jẹ́jẹ́. Oòrùn tàn sára ọ̀dà aláwọ̀ aró náà títí ojú fi ń ro èèyàn. Táyé wà lẹ́yìn, bàtà pupa tuntun wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mùínàt ṣí ilẹ̀kùn ọ̀tún, ó to bàtà pupa kejì sórí àga tó ṣófo, ó rọra kọjú wọn síwájú.

"Kò gba ẹsẹ̀ rẹ̀, Màmá," ni Táyé wí.

"Kí ni kò gbà á?"

"Bàtà yẹn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tóbi jù ú lọ. Ó tún ní bàtà obìnrin ni."

Ọwọ́ Mùínàt dúró níbi tó wà. Láti ọjọ́ abẹ́ igi máńgòrò ni kò ti bi ọmọ náà ní ìbéèrè yìí, nítorí ó rò pé òun mọ ìdáhùn rẹ̀.

"Ta ló ní bẹ́ẹ̀?"

"Rógbà."

Mùínàt kò tíì sọ orúkọ yẹn fún ẹnikẹ́ni nílé. Lọ́jọ́ tí òun náà gbọ́ ọ, gíláàsì wà ní títì, Táyé sì wà nínú mọ́tò.

"Kẹ́hìndé ńkọ́?" ni Mùínàt bi í.

Táyé fi ẹnu júwe ẹ̀yìn ìyá rẹ̀, síhà ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Ó wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ló máa ń wà. Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kó dúró de mọ́tò. Ó wá yọjú lánàá, Rógbà ní kò sí àyè."

Mùínàt yíjú. Oòrùn mú gbogbo ilẹ̀ iwájú ilé, ilẹ̀ gbẹ táútáú, àyàfi ìdí òpó. Omi ń kán síbẹ̀ láti òkè tí kò sí nǹkan kan. Ó kó bàtà náà, ó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí, ó rìn lọ síbẹ̀, ó kúnlẹ̀ sínú omi pẹ̀lú aṣọ ọdún lára. Ó tò wọ́n sílẹ̀. Ó rí i tí awọ bàtà kan rọra wú bí ìgbà tí ẹsẹ̀ ń wọ̀ ọ́, lẹ́yìn náà èkejì.

"Má bínú," ó wí. "Màmá ò mọ̀."

Lẹ́yìn rẹ̀, ilẹ̀kùn mọ́tò padé. Kò pariwo. Ó padé pẹ̀lẹ́, bí ìgbà tí ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa bá ti ilẹ̀kùn.

"Ìyá Ìbejì," ni Wàhábì ké sí i, inú rẹ̀ dùn, ó ti gbé ọwọ́ lé jíà, "ó ku ìwọ nìkan o. Gbogbo wa ti wọlé."

Ó gbé orí sókè, ó sì wo mọ́tò. Lójú gíláàsì ẹ̀yìn, ọwọ́ kékeré méjì ń jù sí i, wọ́n ń pè é pé kó máa bọ̀. Ó wò wọ́n dáadáa. Ọwọ́ ọ̀tún ni àwọn méjèèjì.