Ìbuwọ́lù Méjì Lórí Ìwé Oògùn Kan

Ọjọ́ tí Dókítà Àlejò kọ́kọ́ dé ilé ìwòsàn wa, àárín àwọn aláìsàn ló lọ jókòó sí. Èmi tí mò ń kọ káàdì ni mo bi í pé kí ló ń ṣe é. Ó ní kò sóhun tó ń ṣe òun, iṣẹ́ lòun wá ṣe. Dókítà wa, obìnrin jẹ́jẹ́ tí kì í rẹ́rìn-ín lásán, bú sẹ́rìn-ín.

Ọdún méjìlá ni ọkùnrin náà ti fi ṣe dókítà ní orílẹ̀-èdè tó ti wá, àmọ́ òfin tiwa ò ka ìyẹn sí. Títí yóò fi yege ìdánwò ìjọba, kò gbọdọ̀ dá wo aláìsàn. Dókítà wa gbọ́dọ̀ wà nínú yàrá, kó sì fọwọ́ sí gbogbo ìwé oògùn tó bá kọ.

Kó tó pé oṣù mẹ́fà, ìbuwọ́lù tí kò ju ìṣẹ́jú àáyá lọ ti ń gbà wọ́n ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo rí wọn, mo sì mójú kúrò.

Nígbà tí ọkùnrin náà ní òun fẹ́ fi Dókítà wa ṣaya, ńṣe lobìnrin náà ní kó ṣe sùúrù. Ó fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n òfin yẹn náà ló sọ pé ìyàwó ò gbọdọ̀ fọwọ́ sí iṣẹ́ ọkọ rẹ̀, kò sì sí dókítà kẹta lọ́dọ̀ wa. Ọjọ́ tí wọ́n bá ṣègbéyàwó niṣẹ́ ọkùnrin náà máa dáwọ́ dúró.

"Jẹ́ ká dúró de ìdánwò," ló ń tẹnu mọ́. Ọkùnrin náà ṣe é, ó fìdí rẹmi. Òmíràn di ọdún tó ń bọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá Dókítà wa bá a wá síbi iṣẹ́.

"Ṣé ìwé oògùn lẹ ó máa jọ buwọ́ lù títí ewú á fi gba orí yín?"

"Màámi, tí mo bá fẹ́ ẹ, èmi ni mo gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ yẹn."

"Ṣé o ti bi í léèrè? A kì í fárí lẹ́yìn olórí."

Kò tíì bi í. Ọ̀sán ọjọ́ náà ló bi í, níwájú mi.

"Ìfẹ́ mi," ni ọkùnrin náà wí, "mo ti ṣe dókítà fún ọdún méjìlá. N ò tíì ṣe ọkọ rí. Jẹ́ kí n gbìyànjú ẹ̀ wò."

Dókítà wa fúnra rẹ̀ ló kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ àwọn dókítà pé òun ò ní fọwọ́ sí iṣẹ́ ọkùnrin yìí mọ́, torí pé òun máa fẹ́ ẹ. Inú mi dùn, inú mi sì bà jẹ́.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé ìgbéyàwó, ọkọ ìyàwó bá aya rẹ̀ wá. Kò wọ aṣọ funfun. Ẹ̀gbẹ́ mi ló jókòó sí, ó ń bá mi to káàdì. Màmá Olórúnkún, aláìsàn wa kan tó ti búra pé Dókítà Àlejò nìkan ló mọ orúnkún òun wò, na ẹsẹ̀ sí i.

"Dókítà, ẹ wò ó, ó tún ti wú."

Mo rí ọwọ́ ọkùnrin náà tó nà síwájú. Ọwọ́ náà dúró lágbede méjì, ọkùnrin náà sì rọra fà á padà sínú àpò.

"Ẹ má bínú, mà," ló wí. "Ìyàwó mi ló máa wò yín."