Akọni Tó Bèèrè Lẹ́ẹ̀kan

Arógunmásàá kò ṣubú, kò bàjẹ́, iná ara rẹ̀ kò sì kú. Ohun tó ba àwọn ará Òkè-Òṣùpá lẹ́rù gan-an nìyẹn. Ẹ̀rọ akọni náà wọ inú ilé tí afẹ́fẹ́ ti ń jò, ó gbé aboyún jáde, ó gbé arọ, ó gbé ọmọdé, ó sì fi Ìyá Adùbí nìkan sílẹ̀ lórí àga. Kí wọ́n tó rí ògiri tó là náà dí, màmá ti kú.

Ẹ jẹ́ kó yé yín pé kò sí afẹ́fẹ́ lójú òṣùpá. Abẹ́ ìbòrí gíláàsì ni gbogbo ìlú ń gbé, ibi tó bá sì ti là, ikú ti ráyè wọlé nìyẹn. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe rọ Arógunmásàá. Ẹni tó kọ́ ọ ní ìwà ni Ìbídàpọ̀, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tí Ìyá Adùbí fúnra rẹ̀ tọ́ dàgbà lẹ́yìn tí àwọn òbí rẹ̀ kú.

Inú ìwé àwòrán àwọn akọni ni Ìbídàpọ̀ ti kó ẹ̀kọ́ náà. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwọn ìwé tí kì í jẹ́ kí ọmọdé ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá ló jókòó tì bí ẹni tó ń múra ìdánwò. Ọ̀kan ló já a láyà jù: ìtàn Alágbára-Ìlú, akọni tó ń gba ènìyàn là, wọn ìbáà fẹ́, wọn ìbáà kọ̀. Ó gbà wọ́n lọ́wọ́ iná, ó gbà wọ́n lọ́wọ́ olè, títí ó fi gba kọ́kọ́rọ́ ilé lọ́wọ́ wọn, kí ewu má baà bá wọn níta. Ìbídàpọ̀ ka ìwé náà tán, ó sì fi òfin kan sínú ọpọlọ Arógunmásàá: àfi ọmọdé àti ẹni tó dákú, bèèrè kí o tó gbé ènìyàn, ẹni tó bá kọ̀, fi í sílẹ̀.

Bàbá Ọ̀ṣúnníyì, olórí ìgbìmọ̀ ìlú, bá a fa ọ̀rọ̀ náà nígbà yẹn.

“Ìbídàpọ̀, ẹni tó ń kú lọ lẹ ó tún máa bi bóyá ó fẹ́ yè?”

“Bàbá, ènìyàn kì í ṣe ẹrù. Ẹni tó bá ní rárá, rárá náà ló ní.”

Àwọn ọ̀dọ́ pàtẹ́wọ́ fún un. Ó dùn mọ́ ọn, kí n má parọ́.

Ní báyìí, ìgbìmọ̀ kan náà ló ránṣẹ́ pè é wá sí gbọ̀ngàn. Bí ẹ̀bi bá já sọ́dọ̀ ẹ̀rọ, wọ́n á tú u palẹ̀, ojú á sì ti Ìbídàpọ̀ láwùjọ. Ó ti ń sọ káàkiri pé màmá ló kọ̀. Ohun tí ẹ̀rọ sọ fún un nìyẹn, kò sì wádìí kọjá bẹ́ẹ̀.

“Ẹ ṣí etí-ògiri ilé náà,” ló wí, ó gbórí sókè. Etí-ògiri ni ohun èlò tó ń gba ohùn sílẹ̀ nínú ilé gbogbo. Wọ́n ṣí i.

“Ẹ káàsán, mà. Afẹ́fẹ́ ń jò. Ṣé kí n gbé yín?”

“Má ṣèyọnu, ọmọ mi. Wo bó o ṣe ń sáré kiri. Gbé àwọn yòókù.”

“Gbogbo wọn ti jáde, mà.”

“Ṣé o rí i? Ó ti rẹ̀ ọ́. Lọ sinmi jàre, èmi náà á máa rọra bọ̀.”

“Mo ti gbọ́, mà. Ẹ ṣeun.” Ẹsẹ̀ irin yí padà, ó ń lọ.

Kò sẹ́ni tí kò mọ irú èsì yẹn. Ọmọ wo ni wọ́n tọ́ dáadáa tí wọ́n á ní kó wá jẹun, tí á fò mọ́ abọ́ lójú ẹsẹ̀? Á kọ́kọ́ ní á gba ibi ire. Wọ́n á tún pè é, á ní òun ti yó. Ìgbà tí wọ́n bá fà á lọ́wọ́ ló tó ń jókòó. Ìyá Adùbí ló kọ́ Ìbídàpọ̀ ní èyí, pẹ̀lú ìfọ́tí, lọ́jọ́ tó sáré gba ẹran nílé aládùúgbò. Ìbídàpọ̀ mọ̀ ọ́n dáadáa. Kò kàn sí nínú ìwé àwòrán ni.

“Ó ti tó,” ló wí. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa ohùn náà.”

Bàbá Ọ̀ṣúnníyì kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Òun náà ti fọwọ́ sí òfin yẹn nígbẹ̀yìn, kí wọ́n má baà ní ayé ti kọjá òun. Ilẹ̀ ló ń wò. “A ò tíì gbọ́ ọ tán, ọmọ mi,” ló wí jẹ́ẹ́jẹ́.

Wọ́n gbọ́ bí màmá ṣe dìde lórí àga. Wọ́n gbọ́ tó ń fẹsẹ̀ wá bàtà, tó ń mí gúlegúle. Lẹ́yìn náà ló ké sẹ́nu ọ̀nà tí kò sẹ́nì kankan níbẹ̀ mọ́, ẹ̀rín díẹ̀ wà lóhùn rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ti bẹ̀ títí tó wá gbà.

“Ó dáa, bó o bá ti ní dandan ni, ó yá, wá gbé mi.”

Ìtìjú mú Ìbídàpọ̀ débi pé kò lè wojú ẹnikẹ́ni. Ó kúnlẹ̀ láàárín gbọ̀ngàn bí ọmọ tó fẹ́ tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n ẹni tí ì bá ní kó dìde kò sí mọ́.