Àwòrán Ilé Tó Wà Nínú Àpótí

Ìró òòlù ni aránṣọ gbọ́ bó ṣe wọ inú ilé tó ń kọ́ fún ìyá rẹ̀. Ẹsẹ̀ ń dun màmá, wọn ò lè rìn jìnnà mọ́. Ohun tó jẹ aránṣọ lógún jù ni pé kí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà nínú yàrá màmá nísàlẹ̀.

Púlọ́ńbà ló ń fọ́ òpó tó gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ró.

"Kí lẹ̀ ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

"Ibi tí páìpù máa gbà ni, mà. Bíríkìlà ò fi àyè sílẹ̀."

Bíríkìlà dáhùn láti orí àkàbà: "Ta ló sọ fún mi pé páìpù ń bọ̀? Ṣé wòlíì ni mí ni?"

Ọ̀rọ̀ fẹ́ di iṣu ata yán-an-yàn-an. Àbúrò aránṣọ, ayàwòrán ilé tó ya ilé náà, bá wọn níbẹ̀.

"Ẹ gbé òòlù yẹn sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́! Tí òpó yìí bá yẹ̀, orí màmá ni òkè máa wó lé. Ẹ̀gbọ́n mi, àwòrán dà?"

"Ó wà nínú àpótí mi, lábẹ́ aṣọ. Mo fi ọ̀rá wé e kó má baà dọ̀tí."

Àwọn òṣìṣẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Àbúrò ò rẹ́rìn-ín.

"Ṣé ẹ máa ń gé aṣọ láìwo ìwé tẹ́ ẹ kọ ìwọ̀n oníbàárà sí?"

"Láéláé!"

"Ilé lẹ wá ń fẹnu júwe?"

Aránṣọ gbéra lọ mú àwòrán náà wá. Oṣù mẹ́jọ ló ti ń júwe ilé fún oníṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, bí kálukú ṣe ń dé.

Iṣẹ́ dúró. Ẹnjiníà wá yẹ òpó náà wò, wọ́n sì tún un ṣe. Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀, bíríkìlà, púlọ́ńbà àti oníná jọ dúró yí àwòrán ká. Ọ̀nà páìpù ti wà nínú rẹ̀ látilẹ̀wá: ara ògiri ẹ̀yìn ló gbà, kò dé ìdí òpó rárá.

Lónìí, màmá ń dá wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Sìmẹ́ǹtì ti ta sí àwòrán náà, etí rẹ̀ ti ya, àmọ́ aránṣọ ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ ọ́ nù.

Ìwọ tó ń kọ́lé, jẹ́ kí gbogbo oníṣẹ́ jọ jókòó ti àwòrán kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Gbé e kọ́ síbi tí gbogbo wọn á ti máa rí i. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan òpó láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnjiníà. Bí àwòrán ilé rẹ bá ṣì mọ́ tónítóní, lọ mú un jáde lónìí.