Wàláà Tí Malikah Kò Lè Kà

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan tí ó ṣáájú ààwẹ̀ ọdún tí ó kọjá, ní ilé Jímọ́ọ̀ àgbẹ̀ ní Ìlobù, Malikah ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, jókòó sórí ẹní láàrin àwùjọ láti ṣe wòlímọ̀ ìgbéyàwó rẹ̀. Uwais àfẹ́sọ́nà rẹ̀ àti àwọn ẹbí rẹ̀ ti ti Ìfọ́n dé. Ẹnikẹ́ni nínú wọn kò mọ̀ pé a ti gbẹ́ kòtò sílẹ̀ de ìyàwó.

Láti ìgbà tí ìyá Malikah, tí í ṣe ọmọ Ìfọ́n, ti kú, Wúlẹ̀mọ̀tù ìyáálé ni ó tọ́ ọ dàgbà. Ìtọ́jú wo ni! Bí ọbẹ̀ bá jóná mọ́ ọmọ náà lọ́wọ́, bí ó bá gba ipò kejì ní iléèwé, ọ̀rọ̀ kan náà ni: "O ò rí i? Ẹ̀jẹ̀ Ìfọ́n ni! Tún ṣàṣìṣe, kí n ní kí wọ́n dá ọ padà síbẹ̀!" Nítorí náà ni Malikah kò fi jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí àṣìṣe rẹ̀. Gbogbo àdúgbò ń yìn ín. Òun nìkan ni ó mọ bí àyà rẹ̀ ti ń já.

Àfáà Sùrájù, olùkọ́ kéú rẹ̀, gbé wàláà lé e lọ́wọ́. Súrà Tabárà ni ó ti fi ọ̀pọ̀ oṣù kọ́, ṣùgbọ́n Súrà Kahafi ni wọ́n fi tàdáwà kọ sójú pákó náà! Kò tíì kà dé ibẹ̀ rí.

"Kà á, ìyàwó," ni Àfáà wí.

Ó rò ó wò pé kí òun ka Tabárà tí ó ti há sórí, kí òun máa tẹjú mọ́ pákó. Mélòó nínú àwùjọ ni yóò mọ̀? Lójijì ni gbogbo rẹ̀ sú u. Ó gbé wàláà sílẹ̀.

"Ẹ má bínú, sà. N kò mọ èyí kà."

Wúlẹ̀mọ̀tù fò dìde. "Yéè! Ojú tì wá lónìí! Ẹ̀yin ará Ìfọ́n, ọmọ yín nìyí o! Ẹ̀yin tí ẹ ń pe Màríámọ̀ ọmọ mi ní olódo, ẹ wá wo ọlọ́gbọ́n yín!"

Malikah kúnlẹ̀. "Màámi, bí ìtìjú bá ni, mo gbà á. Ọbẹ̀ ṣì ń jóná mọ́ mi lọ́wọ́. Mo sì máa ń sunkún ní balùwẹ̀. N kò lè ṣe ọmọ tí kì í ṣàṣìṣe mọ́. Bí Uwais kò bá fẹ́ irú mi, kí ó máa lọ sílé."

"Ta ló sọ fún un pé àfáà ni mo wá fẹ́?" ni Uwais wí. Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín.

Àfáà kò rẹ́rìn-ín. "Malikah, kí ló dé tí o fi ránṣẹ́ pé Tabárà kéré sí ọ, kí n fọ̀ ọ́ nù, kí n kọ Kahafi?"

"Èmi kọ́, sà!"

"Màríámọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ ni ó jíṣẹ́ fún mi lánàá. Mo gbà á gbọ́. Ta ni ó rò pé nǹkan kan le jù fún ọ?"

Gbogbo ojú yí sí Màríámọ̀. Ìyá rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ lọgun: "Ìwọ ọmọ yìí! Ìlara àbúrò rẹ ni o ń ṣe! Mo fi Àlùkùránì búra, n kò mọ nǹkan kan sí i!"

Ìkà obìnrin! Ó fi ọmọ inú rẹ̀ rọ́pò ara rẹ̀, ó sì tún ń ṣẹ́jú sí i pé kí ó dákẹ́.

"Ẹ yé ṣẹ́jú sí mi," ni Màríámọ̀ wí. "Láti kékeré ni ẹ ti ń nà mí pé kí n dára ju Malikah lọ. N kò dára jù ú. Ó ti tó."

Jímọ́ọ̀ dìde. "Ta ni ó rán ọ?"

Màríámọ̀ nàka. Ó pe orúkọ tí ọmọ kì í pe, ó pè é ketekete kí ará Ìlobù àti ará Ìfọ́n lè gbọ́:

"Wúlẹ̀mọ̀tù ni!"